Mọ́tò Tí Kì Í Mu Epo àti Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Mi

Ojo ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kẹ́ ẹ má baà rò pé akọni ọkùnrin kan ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ga tó yìí, tòun ti irùngbọ̀n, tòun ti ọwọ́ tó lè fa léda ìjókòó mọ́tò títí táá fi gbà, tí fóònù bá ṣàdédé dún láàárọ̀ kùtù, àyà mi á kọ́kọ́ já ná kí n tó wo ẹni tó ń pè. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ẹ̀rù mi kì í dúró dè mí, pé òun ló máa ń kọ́kọ́ débi tí mò ń lọ. Kò parọ́.

Ìbòrí ìjókòó mọ́tò ni mò ń rán. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Kẹ́tu, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Tí èèyàn bá ra tòkunbọ̀, kó tó gbé e lọ fi han pásítọ̀ tàbí àáfà, ọ̀dọ̀ wa ló máa kọ́kọ́ gbé e wá. Àwa èèyàn ibí ò fẹ́ kí ohun tuntun rí ìdọ̀tí. A máa ń fi ọ̀rá wé rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, a máa ń fi aṣọ bo orí fíríìjì, a sì máa ń fi léda bo ìjókòó tí àwọn òyìnbó ti fi léda ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín o, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé iṣẹ́ tó bá fi ihò sílẹ̀, iṣẹ́ ẹni tí ò tíì gba fúríidọ̀mù ni.

Ọdún kẹta rèé tí kíndìnrín ìyá mi ti daṣẹ́ sílẹ̀. Mo lọ mú wọn wá láti Òkè-Ògùn, wọ́n sì ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìkòsí. Dókítà ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la gbọ́dọ̀ máa gbé wọn lọ sí ọsibítù kan ní Gbàgádà, kí wọ́n lè máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó ṣàlàyé fún mi pé tí a bá fo ìfọ̀ kan, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kún ara ìyá mi, láti ẹsẹ̀ títí dé ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á sì dà bí ẹni tó ń rì sómi lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Dókítà yẹn kò mọ irú ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti jí, ẹsẹ̀ ìyá mi ni mo kọ́kọ́ máa ń lọ wò.

Ilẹ̀ bàbá mi la tà nílé láti fi máa san owó ìfọ̀. Owó náà wà ní báńkì, ẹ̀jẹ̀ ìyá mi nìkan la yà á sọ́tọ̀ fún. Àmọ́ a ṣì ní láti máa gbé wọn lọ, ká máa gbé wọn bọ̀. Bọ́ọ̀sì ò ṣeé wọ̀ fún wọn, torí tí wọ́n bá ti fọ ẹ̀jẹ̀ tán, kò ní sí okun kankan lára wọn mọ́, wọ́n á sì máa bì. Mọ́tò mi àtijọ́ sì ń mu epo bí ẹni mumi. Nígbà tí owó epo wá fò sókè láàárín ọjọ́ kan, mo dúró nílé epo, mò ń wo bí nọ́ńbà ṣe ń sáré lójú ẹ̀rọ. Inú owó ẹ̀jẹ̀ ni owó epo yẹn ti ń jáde.

Àsìkò yẹn ni ọ̀gá kan láti Magodo gbé mọ́tò rẹ̀ wá kí n bá òun rán ìbòrí sítíárìn. Ó ń múra àtijápa lọ sókè òkun, ó sì fẹ́ ta mọ́tò náà. Haíbíríìdì ni. Ó ṣí i hàn mí: ẹ́ńjìnì tó ń mu epo wà níwájú, bátìrì ńlá kan wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Tí mọ́tò bá ń lọ jẹ́jẹ́, bátìrì ló ń gbé e. Téèyàn bá tẹ bíréèkì, iná á tún padà wọ inú bátìrì. Ó ní epo tí mò ń rà fún ọ̀sẹ̀ kan á gbé mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bi í ní iye tó fẹ́ gbà. Nígbà tó sọ ọ́, mo rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe pé ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Mọ́tò tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń lo epo nìkan, kún ọjà, owó rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀ rárá. Iye tí haíbíríìdì fi wọ́n jù ú lọ tó owó ìfọ̀ ẹ̀jẹ̀ oṣù mẹ́rin. Èmi àti ìyàwó mi jókòó, a ṣírò ó sẹ́yìn páálí kan. Epo tá ò ní rà á dá owó náà padà, àmọ́ yóò tó ọdún kan ààbọ̀ kó tó dá a padà tán.

"Ọdún kan ààbọ̀," ìyàwó mi wí. Ohun tó wà lọ́kàn àwa méjèèjì ni pé ṣé Mààmi ní ọdún kan ààbọ̀.

Ẹ wá wo ohun tó dé bá mi. Tí mo bá ra mọ́tò olówó pọ́ọ́kú, èmi ọmọ wọn ti fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò ní pẹ́ lọ. Tí mo bá ra haíbíríìdì, tí wọ́n sì kú lóṣù kẹfà, mo ti fi ìfọ̀ oṣù mẹ́rin ra irin. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ ò fi dùn lẹ́nu mi. Ìyàwó mi tún wá bù ú lé e: "Dàdí, tí bátìrì yẹn bá kú ńkọ́?" Mo jágbe mọ́ ọn pé mi ò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi mọ́. Ẹ̀rù ló jágbe, kì í ṣe èmi. Mo bẹ̀ ẹ́ nígbà tó yá.

Mo rà á. Mo rà á torí pé mo fẹ́ kí owó tó ti ọwọ́ mi jáde máa jẹ́rìí pé ìyá mi á wà láyé.

Ṣé ẹ rò pé ọkàn mi wá balẹ̀? Ọkàn ta ni? Mọ́tò náà kì í dún. Tá a bá dé ibi tí ọkọ̀ ti ń fà, ẹ́ńjìnì á kú fúnra rẹ̀, gbogbo nǹkan á pa rọ́rọ́, èmi náà á sì dákẹ́ mímí. Mo máa ń di sítíárìn mú, kí n máa sọ lábẹ́ ẹnu pé ó ti kú, ó ti kú. Ìyá mi á sì dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Kò kú, ọkọ mi. Ó ń sinmi ni. Ìwọ náà sinmi." Lọ́jọ́ kan ní Mile 12, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá alábárù kan tó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Ẹni tó rẹrù kò lè yíjú wẹ̀yìn, etí ló fi ń mọ̀ pé mọ́tò ń bọ̀, èmi sì ti yọ dé ìdí rẹ̀ láìsí ariwo kankan. Ó wò mí, ó ní ṣé àǹjọ̀nú ni mò ń wà ni.

Àmọ́ lórí epo, ọ̀gá Magodo kò tàn mí. Epo ọ̀sẹ̀ kan gbé wa fún ọ̀sẹ̀ méjì lóòótọ́, nígbà mìíràn ó máa ń lé díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ ilé epo kọjá bí ẹni tí kò mọ àwọn tó wà níbẹ̀. Mo ń sùn díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹta ni ìyá mi bì sórí ìjókòó ẹ̀yìn nígbà tá à ń bọ̀ láti Gbàgádà. Wọ́n ń bẹ̀ mí títí tá a fi délé, bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, jìnnìjìnnì ti bò mí. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni bátìrì wà. Omi ò bá iná rẹ́. Kí ni kí èmi wá ṣe ju ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ lọ? Mo fi iṣẹ́ àwọn oníbàárà sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Mo mú léda tó nípọn jù, mo tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀, mo sì rán an láti orí ìjókòó títí dé ilẹ̀, kí ẹ̀kán omi kan má lè kọjá. Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó yẹn, nítòsí ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ dà bí ojú ajere. Mo rò pé ibi tí rédíò ti ń dún ni, tàbí ibi tí ekuru ń gbà wọlé. Mo bò ó. Mo tilẹ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ etí rẹ̀ yípo. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, mo wí fún ara mi. Nígbà tí ìyá mi jókòó sórí rẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n ní ọwọ́ mi dára.

Ooru dé. Mo wá ń gbọ́ fáànù kan tó ń yí kíkankíkan lẹ́yìn mọ́tò, ohun tí mi ò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ìwà ojo mi nìyẹn, mo máa ń bẹ̀rù èsì ju àìsàn lọ. Mo yí rédíò sókè.

Ọ̀sán ọjọ́bọ̀ kan ni. À ń lọ fún ìfọ̀, ẹsẹ̀ ìyá mi sì ti wú díẹ̀ láàárọ̀. A ti kọjá Alápẹ́rẹ̀, a ti fẹ́ bọ́ sí Ògùdù, ni iná pupa onígun mẹ́ta kan bá tàn níwájú mi. Mọ́tò fà díẹ̀, ó tún fà, ó sì dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá mi ò sọ pé ó ń sinmi. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù kú, oòrùn sì wọlé bá wa. Mo tẹ bọ́tìnì ìṣíná títí ìka mi fi ń dùn mí. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ìyá mi ti la ẹnu, èjìká wọn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń wá afẹ́fẹ́.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé àárín títì. Mo kàn rí i pé mo na ọwọ́ méjèèjì ni, àwọn ọkọ̀ ń yà fún mi, wọ́n ń bú mi. Mò ń pe Ọlọ́run, mò ń pe bàbá mi tó ti kú, ohùn mi ò sì jáde dáadáa. Bàbá kan ló dúró, tòun ti ògbólógbòó mọ́tò kan tó ń rú èéfín bí ilé ìdáná. Òun ló bá mi gbé ìyá mi sínú rẹ̀. Ìyá mi di ọrùn ọwọ́ mi mú, mo sì ń ka èémí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti Ògùdù dé Gbàgádà. Tí ọ̀kan bá pẹ́ kó tó dé, màá pè wọ́n títí táá fi dé. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ náà. Ìyá mi padà mí dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá mi wọ́ mọ́tò náà lọ sí Owódé Onírin, lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún iná mọ́tò ṣe, tá a máa ń pè ní rẹ́wáyà. Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ bá a. Ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì lè fi Mààmi sílẹ̀ nílé láwọn nìkan, ni mo bá mú wọn dání. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àtíbàbà. Rẹ́wáyà tú ìjókòó ẹ̀yìn, ó fi ọ̀bẹ ya léda mi, ó sì fọwọ́ kan bátìrì náà. Ó yọwọ́ kíá. Ó wá wo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ó rí ibi tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀.

"Bátìrì yìí ní imú," ó wí. "Ihò yìí ló fi ń mí. Fáànù ń fa atẹ́gùn gba ibẹ̀ kí ara rẹ̀ lè tutù. Ta ló dí i? Tẹ́lọ̀ wo ló rán irú nǹkan báyìí?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbójú sókè. Mo mọ̀ lára wọn. Àwọn kan máa ń darí oníbàárà sí mi. Ogún ọdún orúkọ rere wà níbẹ̀ tó ń wò mí lójú. Ara mi bù máṣọ. Mo ní mi ò mọ̀, pé bí mo ṣe rà á nìyẹn. Bí mo ṣe rí i pé ó ṣì ń wò mí, mo tún fi kún un kíákíá pé: "Ìyá mi máa ń bì. Bóyá èébì ló wọ inú rẹ̀."

Ó tan iná sí abẹ́ ibẹ̀. Àbàwọ́n èébì àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lára fóòmù, ó ti gbẹ. "Ó lè jẹ́ o," ó wí, "èébì wà ńbí lóòótọ́." Mo mí kanlẹ̀. Mo wo ọ̀dọ̀ Mààmi, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Mo rò pé ooru ló mú wọn.

Bátìrì tuntun tó owó ìfọ̀ oṣù mẹ́ta, rẹ́wáyà sì sọ ọ́ sókè, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ níbẹ̀, láìbìkítà ẹni tó ń gbọ́. Mo ní kó pààrọ̀ kìkì àwọn tó kú lára bátìrì kéékèèké tó kún inú rẹ̀. Ìyẹn náà gba ìfọ̀ ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò sì ṣèlérí pé yóò pẹ́. Àwọn oníbàárà tó bá rí mọ́tò náà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ṣì máa ń bi mí bóyá ó tó iye tí wọ́n ń tà á. Mo máa ń sọ fún wọn pé tó bá jẹ́ ti epo, ó tó. Mi ò kì í sọ jù bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ara ìyá mi dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Wọ́n ní àwọn ń sùn dáadáa, pé oúnjẹ ń dùn lẹ́nu àwọn. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, pé ìfọ̀ tó pọ̀ jù ló ń rẹ àwọn. Èmi tí ẹ̀rù ń bà níbi tí ò ti yẹ kó bà mí, èmi yìí náà ni mo gbà. Ẹ gbọ́ ìtìjú mi: inú mi dùn. Owó báńkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo sì fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. A fo ìfọ̀ kan. A tún fo òmíràn lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n wá ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tọ̀sán tòru, nínú ooru Èkó, wọ́n ní òtútù ń mú àwọn lẹ́sẹ̀. Láàárọ̀, tí mo bá wọlé láti wò wọ́n, ìbọ̀sẹ̀ ni mo máa ń rí.

Ìyàwó mi ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Dàdí, mo fẹ́ fọ ìbọ̀sẹ̀ Mààmi, wọn ò jẹ́ kí n bọ́ ọ." Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo sáré délé. Ìyá mi ń jókòó sùn, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri, torí wọn ò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Mo fa ìbọ̀sẹ̀ náà, ó ṣòroó fà. Nígbà tí mo tẹ ẹsẹ̀ wọn, ojú ìka mi jìn sínú ẹran, kò sì padà. Gbogbo ara mi di yìnyín.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, Mààmi."

"Fi ti òní sílẹ̀, ọkọ mi. Ara mi yá."

Mo gbé wọn lọ́wọ́ bí ọmọ, mo gbé wọn sínú haíbíríìdì náà, lórí ìjókòó tí ò ní ìbòrí mọ́, mo sì wà á lọ sí Gbàgádà. Dókítà bú mi dáadáa. Ó ní tó bá ti di ọjọ́ kejì ni, kí n má wulẹ̀ gbé wọn wá. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn, mi ò sì jókòó.

À ń padà lọ sílé, a ti dé Ògùdù, nígbà tí mo gbójú sókè wo dígí. Ìyá mi ti tú gèlè wọn, wọ́n ti ká a, wọ́n fi di ẹnu ara wọn pinpin. Ojú wọn pọ́n. Ọ̀nà ọ̀fun wọn ń lọ sókè sódò. Èébì ti dé ẹnu wọn, wọ́n sì ń gbé e mì padà.

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Ẹ bì í, Mààmi. Kí lẹ̀ ń ṣe?" Wọ́n mi orí. Mo fẹ́ gba gèlè náà, wọn ò jẹ́, agbára tó wà lọ́wọ́ wọn yà mí lẹ́nu. Ó ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀.

"Ṣé kò ní ba bátìrì jẹ́?" wọ́n wí. "Èyí tí mo bà jẹ́ lọ́jọ́ sí, mi ò tíì fi ìfọ̀ san án tán."

Àwọn ọkọ̀ ń kọjá lẹ́yìn mi. Mo wólẹ̀ sórí ọ̀dà níbẹ̀, mo di ẹsẹ̀ wọn mú, mo sọ fún wọn pé kì í ṣe èébì. Mo ní èmi ni mo dí imú bátìrì náà, èmi ni mo rán an, èmi ni mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ojú ló tì mí lójú àwọn èèyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n wò mí títí. Wọn ò bú mi, wọn ò sì ní kò burú. Wọ́n mú gèlè kúrò lẹ́nu, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n sì bì, gbogbo rẹ̀, sórí ìjókòó, sára aṣọ mi, èmi sì bá wọn di orí mú.